Bàtà iṣẹ́ tó wuyì fún ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ̀: bí ẹ ṣe máa rí èyí tí kò ní há yín

Ọdún mẹ́fà ni mo fi wọ bàtà nọ́ńbà 44 lọ sí ibi iṣẹ́, ẹsẹ̀ mi kò sì ju 42 lọ. Nọ́ńbà 42 há mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, 43 náà há mi, 44 nìkan ló gba ẹsẹ̀ mi wọlé. Ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ á ṣófo, màá ki tíṣù bọ̀ ọ́. Bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn, gìgísẹ̀ mi á máa yọ. Tó bá fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo ti bọ́ ọ sábẹ́ tábìlì, mo fi ìbọ̀sẹ̀ tẹ ilẹ̀ tútù, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kí ọ̀gá má ṣe pè mí.

Ṣúmékà kan ní Mushin ló là mí lójú. Bàtà mi ni mo gbé lọ fún un pé kó bá mi tún ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe. Ó wo bàtà, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní kí n dúró lórí bébà. Nígbà tó wọ̀n ọ́n tán, ó ní, “Ọ̀gá mi, ẹsẹ̀ yín ò gùn, ó fẹ̀ ni. Gígùn tí ẹ ò lò lẹ ti ń fowó rà.”

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sábẹ́ bàtà, gígùn nìkan ló ń sọ. Bí ẹsẹ̀ yín bá fẹ̀, bàtà tó fẹ̀ ni kí ẹ wá, ẹ fi gígùn sílẹ̀ níbi tó wà. Gbogbo ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí, bí a ṣe ń ṣe ìyẹn ni.

Ẹ wọn ẹsẹ̀ yín, kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́

Ẹsẹ̀ àárọ̀ kọ́ ni ẹsẹ̀ alẹ́. Ẹni tó ti dúró láti òwúrọ̀, tàbí tó jókòó sínú mọ́tò láti Ìkòròdú dé CMS, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú díẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ àárọ̀ ra bàtà, ẹsẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ló máa jìyà rẹ̀.

Ẹ wá bébà méjì, pẹ́ńsùlù, rúlà, àti téèpù tí àwọn télọ̀ fi ń wọn ènìyàn. Ẹ wọ irú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa ń wọ lọ síbi iṣẹ́. Ẹ tẹ́ bébà sórí ilẹ̀ líle, kó má jẹ́ orí kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi gìgísẹ̀ kan ògiri. Ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Èyí ṣe pàtàkì gan-an, torí pé ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó kéré sí ẹsẹ̀ ẹni tó dúró. Ìgbà tí ara bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni ẹsẹ̀ máa ń tẹ́ tán. Kí ẹlòmíì bá yín fa ìlà yí ẹsẹ̀ ká. Kí pẹ́ńsùlù dúró ṣánṣán. Bó bá dà sínú, á wọ abẹ́ ẹsẹ̀ lọ, fífẹ̀ tí ẹ ń wá gan-an ló máa jí níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn gígùn láti ibi ògiri dé orí ìka tó gùn jù. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni àtàǹpàkò rẹ̀ gùn jù. Ìka kejì ni tèmi. Ẹ wọn ibi tí ẹsẹ̀ ti fẹ̀ jù, ìyẹn láti oríkèé àtàǹpàkò dé oríkèé ìka tó kéré jù. Ẹ tún fi téèpù yí ibẹ̀ kan náà ká nígbà tí ẹ ṣì wà ní ìdúró, kó má fún, kó má sì dẹ̀. Ẹ fi téèpù yí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà ká, ní ibi tí okùn bàtà máa ń wà, torí pé ẹsẹ̀ mìíràn fẹ̀, ó tún ga. Ẹ ṣe ẹsẹ̀ méjèèjì. Wọ́n kì í sábà dọ́gba, èyí tó tóbi ni kí ẹ fi ra bàtà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹsẹ̀ mi gùn ní sẹ̀ǹtímítà 26.5. Mo fi 1.5 kún un fún àyè iwájú ìka, ó di 28. Mo sọ 28 di ìlọ́po kan àtààbọ̀, ó di 42. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé nọ́ńbà kan nínú ètò ilẹ̀ Yúróòpù jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta sẹ̀ǹtímítà. Nínú ètò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdá kan nínú mẹ́ta íǹṣì ni, nǹkan bíi mìlímítà 8.5.

Ẹ wá fi wo ohun tí mo ń ṣe fún ọdún mẹ́fà yẹn. Nọ́ńbà méjì tí mo fi kún un, sẹ̀ǹtímítà 1.3 ni ní gígùn. Àyíká ibi tó fẹ̀ náà tóbi sí i díẹ̀, kò tó ohun tí mo nílò. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ibi tí bàtà ti ń tẹ̀ kúrò níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀. Ẹsẹ̀ á máa tẹ̀ ní oríkèé rẹ̀, bàtà á máa tẹ̀ ní iwájú, àwọn méjèèjì á wá máa bára wọn jà ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ìka á máa di ilẹ̀ bàtà mú kó má bàa yọ. Ó ń rẹ ènìyàn dé itan, ènìyàn ò sì ní mọ ohun tó ń rẹ òun.

Ẹ gé àwòrán ẹsẹ̀ tó tóbi jù náà jáde, kí ẹ ká a sínú báàgì. Ó máa ń ràn mí lọ́wọ́ lọ́jà ju ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni lọ. Bí àtẹ́lẹ̀ inú bàtà bá ṣeé yọ, ẹ yọ ọ́, ẹ gbé bébà lé e. Bí bébà bá yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ dá bàtà padà sórí àtẹ, ì báà lẹ́wà bí kí ni. Ẹ má gbé bébà lé àtẹ́lẹ̀ ìta o. Ìsàlẹ̀ bàtà máa ń yọ létí kọjá inú rẹ̀, ó sì ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ.

Lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà

Lókè òkun, àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń fi lẹ́tà sọ bí bàtà ṣe fẹ̀. Ní ìlú Syracuse ní Amẹ́ríkà, Charles Brannock ṣe irin ìwọnsẹ̀ kan ní àwọn ọdún 1920 tó ń wọn gígùn ẹsẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀, àti ibi tí oríkèé àtàǹpàkò wà, lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe irin náà títí dòní. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù bàtà tí wọ́n ní in, ẹ má tijú, ẹ ní kí wọ́n gbé e wá.

Ibi tí àwọn lẹ́tà yìí ti ń da orí ènìyàn rú ni pé wọn ò jọra láti ìlú dé ìlú. Ní Amẹ́ríkà, D ni ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ fún ọkùnrin, E àti 2E fẹ̀, 4E fẹ̀ gan-an. Fún obìnrin, B ló wọ́pọ̀, D ni wọ́n ń pè ní fífẹ̀, 2E jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà D kan náà tó jẹ́ ti gbogbo ayé lẹ́sẹ̀ ọkùnrin, fífẹ̀ ló jẹ́ lẹ́sẹ̀ obìnrin. Ẹ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tún yàtọ̀: ilé iṣẹ́ bàtà Loake máa ń ka F sí ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ fún ọkùnrin, G sì fẹ̀. Lọ́dọ̀ Clarks, ilé iṣẹ́ bàtà Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, G ló wọ́pọ̀ fún ọkùnrin, H ló fẹ̀; fún obìnrin, D, E àti EE ni wọ́n ń tò lọ bẹ́ẹ̀. E tó fẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá rò pé òun rí i nínú bàtà ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì yóò bá a pé ó há ju F lọ.

Bí ẹ bá wá ní ẹbí kan ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Houston tó ń bọ̀ wálé fún Kérésìmesì, ẹ má kàn sọ fún un pé “bá mi ra 42 tó fẹ̀”. Ẹ fi gígùn, fífẹ̀ àti àyíká ránṣẹ́ sí i ní sẹ̀ǹtímítà, kó fi wé àtẹ ìwọ̀n ilé iṣẹ́ tó fẹ́ rà lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀pọ̀ bàtà tuntun tí wọ́n ń tà ní Balógun tàbí Tejúoṣó kò ní lẹ́tà kankan. Àwọn tòkunbọ̀ ló máa ń ní in. Ní Yábàá àti Kàtàngówà, ẹ ṣí ahọ́n bàtà, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ inú. Ẹ óò rí i pé wọ́n kọ “8½ G” tàbí “9 EE” tàbí “W”, ìyẹn fífẹ̀. Mo ti rí bàtà awọ gidi tó fẹ̀ níbẹ̀, tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì tuntun tó há mi. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ẹni àkọ́kọ́ ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sínú rẹ̀: bí gìgísẹ̀ bá ti jẹ sí apá kan, á fa ọrùn ẹsẹ̀ yín síbẹ̀ náà. Ẹ tẹ bàtà kó tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi èékánná tẹ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Àtẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi polyurethane, irú ike rírọ̀ kan, ṣe, tó bá ti pẹ́ nílẹ̀, máa ń rún bíi búrẹ́dì gbígbẹ, ojú títì ló sì máa ń ti já.

Irú bàtà tó gba ẹsẹ̀ fífẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu rẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ wa kò pàdé láàárín bí orí ọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló kún ọ́fíìsì. Ẹlẹ́nu róbótó, tàbí èyí tó rí bí ẹyin, ni kí ẹ máa wá. Ó ṣì wuyì pẹ̀lú kóòtù, kò sí ẹni tó máa sọ pé ẹ ò múra.

Fún ọkùnrin, ìyàtọ̀ tó wà láàárín Oxford àti Derby, irú bàtà olókùn méjì, ṣe pàtàkì ju iye owó lọ. Ẹ wo ibi tí ihò okùn wà. Nínú Oxford, wọ́n rán apá méjèèjì tó ní ihò náà mọ́ abẹ́ awọ iwájú, kò sí bí ẹ ṣe máa ṣí i ju bó ṣe ṣí lọ. Nínú Derby, apá méjèèjì wà lórí awọ iwájú, wọ́n ń ṣí bí ìlẹ̀kùn méjì, ẹ̀yin lẹ máa fi okùn sọ ibi tí wọ́n á dúró. Ẹsẹ̀ tó fẹ̀ tó sì ga, Derby ni tirẹ̀. Báńkì àti ilé ẹjọ́ ò ní lé yín nítorí Derby dúdú tó dán. Èyí tó ní bẹ́líìtì àti irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà dára. Ṣùgbọ́n èyí tí kò ní okùn, tí a kàn ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, ẹ ṣọ́ra fún un: fífún ló fi ń di ẹsẹ̀ mú. Bí iwájú rẹ̀ bá gbà yín, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa yọ.

Ẹ wo ojú rírán náà. Awọ máa ń nà, ojú rírán kì í nà. Bí okùn rírán bá kọjá ní ibi oríkèé àtàǹpàkò tàbí ti ìka kékeré, ibẹ̀ gan-an ló máa gé yín, kò sì sí ohun tí oníbàtà kankan lè ṣe sí i. Awọ tí kò ní ojú rírán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló dára jù.

Ní ti awọ, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Awọ gidi á hun jọ wẹ́wẹ́ bí awọ ara, á sì padà. Ayédèrú kàn máa ń jìn wọlé ni. Kì í nà, ó máa ń là ni, láàárín oṣù mélòó kan. Awọ dídán bíi dígí náà kì í nà tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún òde ìgbéyàwó tí ẹ ó jókòó sí.

Fún àwọn obìnrin

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn. Láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ló ti máa ń dúró níwájú àwọn ọmọ, eegun ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti yọ síta nítorí bàtà tí ó fi ogún ọdún wọ̀. Lára rẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀ níbí.

Bí gìgísẹ̀ bàtà bá ṣe ga tó ni ara ṣe ń ṣubú síwájú tó. Ẹsẹ̀ á yọ̀ lọ sí ibi tó há jù nínú bàtà, á sì dúró síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, gìgísẹ̀ tó nípọn, tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 3 tàbí 4, máa ń tuni lára ju tín-ín-rín lọ. Bẹ́líìtì kan tó kọjá lórí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá: ó ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, iwájú bàtà á lè wà ní fífẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń bọ́. Kí ẹ sì wo ibi tí ẹnu bàtà gé dé. Bí etí rẹ̀ bá dúró lórí oríkèé àtàǹpàkò gan-an, á máa rẹ́ ẹ bí ọ̀bẹ. Ẹ yan èyí tí awọ rẹ̀ bo oríkèé náà pátápátá.

Ọgbọ́n kan tún wà tí ẹ̀gbọ́n mi dá. Ó máa ń yẹ apá ti ọkùnrin wò. Nọ́ńbà 40 ti Yúróòpù, ìwọ̀n gígùn kan náà ni fún ọkùnrin àti obìnrin, ṣùgbọ́n ti ọkùnrin sábà máa ń fẹ̀ jù. Bàtà awọ dúdú kan tó ní bẹ́líìtì, tí ó rà ní apá ọkùnrin ní Gbági, ni àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi í léèrè ibi tó ti rà á. Sálúbàtà ló fi ń rìn láti ilé dé ibi tó ti ń wọ mọ́tò, ó ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, kò sì rí ìtìjú kankan nínú rẹ̀.

Níwájú ẹni tó ń tajà

Ẹ lọ lẹ́yìn ọ̀sán. Ẹ wọ méjèèjì, ẹ dì í, ẹ dìde dúró. Àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà níwájú ìka tó gùn jù. Oríkèé àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ bọ́ sí ibi tí bàtà ti fẹ̀ jù. Ẹ fi ọwọ́ kàn án láti ìta. Bí awọ bá yọ wú síta kọjá etí àtẹ́lẹ̀, ó há. Bí ẹ bá lè fi ìka fa awọ díẹ̀ lókè oríkèé, ó dára.

Ẹ rìn lórí ilẹ̀ líle, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí ẹ bá rí àyè. Ẹni tó ń tajà á sọ fún yín pé, “Ẹ̀gbọ́n, á nà, ẹ máa wọ̀ ọ́ ná.” Mi ò sọ pé irọ́ ló ń pa. Awọ gidi á nà díẹ̀ ní ìbú. Ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn, bàtà tó kàn ń kan ẹsẹ̀ lásán nìkan ló tó fún. Èyí tó ti ń há yín nínú ṣọ́ọ̀bù, á bó yín lẹ́sẹ̀ kó tó nà. Gígùn kì í sì nà láéláé.

Bí ẹ bá ní kí wọ́n ṣe é fún yín

Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí pé ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ̀ tó wà ní Nàìjíríà rí oore tí ẹni tó wà lókè òkun ní láti san owó gọbọi fún. Àwọn ṣúmékà Mushin ní Èkó àti ti Ariaria ní Aba lè ṣe bàtà ọ́fíìsì sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ yín. Wàhálà ibẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: orí last, ìyẹn ẹsẹ̀ igi tàbí ti ike tí wọ́n ń na awọ lé, ni bàtà ti ń rí ìrísí, ọ̀pọ̀ last tó sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, tín-ín-rín ni. Bí ẹ bá kàn sọ pé “ẹ ṣe 42 fún mi, kó fẹ̀”, orí last kan náà ni wọ́n máa padà sí.

Ẹ gbé àwòrán ẹsẹ̀ lọ. Ẹ gbé e sí abẹ́ last lójú wọn. Níjọ́ tí ṣúmékà Mushin yẹn fẹ́ ṣe tèmi, mo fi ìka hàn án, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fún mi láyè.” Ó gé awọ pẹlẹbẹ méjì, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ last ní ibi oríkèé, ó yún un kó dán, ó fi téèpù yí i ká títí tó fi bá àyíká ẹsẹ̀ mi mu. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ rí kí ẹ tó san àsansílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá sọ pé òun á kàn fi ọwọ́ nà án tó bá ṣe tán, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ.

Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ kọ́kọ́ ní kó ṣe half shoe, ìyẹn bàtà tí kò ní ẹ̀yìn, fún yín lórí last náà. Owó rẹ̀ kéré, ẹ ó sì fi mọ̀ bóyá iwájú rẹ̀ gbà yín kí ẹ tó sọ ọ́ di bàtà gidi. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi awọ gidi ṣe inú rẹ̀ pẹ̀lú, kó má jẹ́ ìta nìkan. Kó jẹ́ kí awọ sùn lórí last fún òru méjì ó kéré tán, torí èyí tí wọ́n bá yọ ní kíákíá máa ń sún jọ padà. Kó sì rán àtẹ́lẹ̀ yíká, kó má jẹ́ gọ́ọ̀mù nìkan ló dì í mú.

Èyí tí ẹ ti rà tó sì ń há yín

Bó bá jẹ́ awọ gidi, ìrètí wà. Àwọn tó ń tún bàtà ṣe ní igi tí wọ́n ń yí kó fẹ̀ nínú bàtà, tó ní kókó tí a lè fi sí ibi eegun tó yọ. Wọ́n á fi omi tàbí òróró tó ń mú awọ rọ̀ pa á, wọ́n á jẹ́ kó sùn. Nílé, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì tó nípọn, ẹ wọ bàtà náà fún wákàtí kan lálaalẹ́. Ẹ má gbé e síwájú iná, ẹ má sì da omi gbígbóná sí i. Awọ á gan, á là. Ẹ tún yẹ bí ẹ ṣe ń di okùn wò: bí ẹ bá fo ihò tó wà lókè ibi tó ń dùn yín, tí ẹ kọjá sí èyí tó tẹ̀ lé e, ara á tu yín lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kọjá ìrọ̀rùn fún. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè má mọ̀ ọ́n lára nígbà tí bàtà bá ń bó o lẹ́sẹ̀, egbò kékeré sì lè di ńlá. Kó máa yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lálaalẹ́, kó máa ki ọwọ́ bọ inú bàtà kó tó wọ̀ ọ́, bóyá òkúta tàbí ìṣó wà níbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá sì dédé wú ju èkejì lọ, dókítà ni kí ẹ gbé e lọ bá, kì í ṣe ṣúmékà. Aboyún ní tirẹ̀, kó má ra bàtà olówó ńlá nínú oyún. Kó ní sùúrù títí lẹ́yìn ìbímọ, kó tún ẹsẹ̀ wọ̀n, torí pé ẹsẹ̀ mìíràn máa ń fẹ̀ tàbí gùn sí i tí kì í padà.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, inú ilé tó mọ́ ni kí ẹ ti máa wọ bàtà tuntun, kí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ má dọ̀tí bí ẹ bá fẹ́ dá a padà. Lẹ́yìn náà, ìdajì ọjọ́ níbi iṣẹ́, kí ti àtijọ́ wà nínú báàgì. Bí agbára bá gbé e, ẹ ní méjì, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn: òógùn tó wọnú awọ nílò ọjọ́ kan kó tó gbẹ, àgàgà lásìkò òjò. Tèmi méjèèjì jẹ́ Derby dúdú, nọ́ńbà 42, láti ọwọ́ ọkùnrin Mushin kan náà. Ó kọ orúkọ mi sára awọ pẹlẹbẹ méjì yẹn, ó so wọ́n mọ́ ìṣó lára ògiri rẹ̀, kó má bàa ní láti gé òmíràn nígbà tí mo bá tún dé.